Ìṣẹ́tí Aṣọ Tí Sìdíkàt Gé Kúrú

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gba iṣẹ́ tí ẹ sì ń pín in fún ẹlòmíràn ṣe, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní àárín. Ẹ kà á tán, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

1.

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, tí àwọn ará Onítṣà ń padà wá tún ilé wọn kọ́, Sìdíkàt, télọ̀ ọmọ Ìsẹ́yìn, gba ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò Odoakpu. Òun àti àbúrò rẹ̀, Mojí, ni wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ilé-ìwé ń ṣí, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn òbí ṣófo. Sìdíkàt bá ronú ọ̀nà kan. Tó bá rán aṣọ ilé-ìwé, á ká ìṣẹ́tí rẹ̀ sínú ní ìlọ́po méjì. Bí ọmọ bá ga sí i, ìyá rẹ̀ á tú ìṣẹ́tí, aṣọ á sì gùn sí i. Kò ní máa ra òmíràn lọ́dọọdún.

Àwọn ìyá fẹ́ràn rẹ̀. Òkìkí Sìdíkàt kàn dé etí odò Ọya.

2.

Owó epo dé. Owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, jáde. Iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ ènìyàn méjì lọ, ilé-ìwé ńlá kan sì gbé aṣọ gbogbo ọmọ rẹ̀ fún Sìdíkàt. Ó ń pín in fún àwọn télọ̀ káàkiri ìlú; ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dúró ló ń gba èyí tó pọ̀ jù. Nínú èyí kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó ní kí àwọn télọ̀ náà gé ìṣẹ́tí kúrú, kí wọ́n kó aṣọ tó bá ṣẹ́kù wá fún òun láti tà.

Mojí kò gbà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìṣẹ́tí yẹn gan-an ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ wa."

"Aṣọ ni wọ́n ń rà. Ta ló ń wo inú aṣọ?"

"Àwọn ìyá ni."

"Tó bá kúrú, wọ́n á wá ra òmíràn. Òwò nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ ká máa yẹ iṣẹ́ Dúró wò kó tó jáde, ó kéré tán."

"Èmi kì í ṣe télọ̀ mọ́, Mojí. Kọngílá ni mí. Kọngílá kì í jókòó ka ojú abẹ́rẹ́."

3.

Ọ̀gbẹ́ni Adéníjì wá láti yunifásítì. Ó ń ṣe ìwádìí lórí bí àwọn tí kò kàwé púpọ̀ ṣe ń dá òwò sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọṣẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn ṣe. Sìdíkàt gbé àga jáde, ó ra mínírà tútù fún un.

"Màdáámù, kí ni àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ń kọ́ lọ́dọ̀ yín báyìí?"

"Bí a ṣe ń di olówó."

"Ta ló ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó dé ọwọ́ oníbàárà?"

"Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò ni kò tíì lówó, ọ̀gbẹ́ni."

Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Sìdíkàt rò pé ìyìn ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ ọ́ káàkiri pé yunifásítì ń kẹ́kọ̀ọ́ lára òun. Jídé onígbàjámọ̀, aládùúgbò rẹ̀, á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Prófẹ́sọ̀, ẹ bá mi fi bọ́tìnnì kan sí ṣẹ́ẹ̀tì yìí."

"Lọ bá Dúró."

"Ó dáa, kí Dúró wá di prófẹ́sọ̀."

4.

Ọdún yípo, àwọn ọmọ ga sí i. Àwọn ìyá tú ìṣẹ́tí, wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́yìn tí Sìdíkàt gba tirẹ̀ nínú ìṣẹ́tí náà, àwọn télọ̀ ìta ti gé èyí tó kù fún ara wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, àwọn obìnrin kó aṣọ ọmọ wọn lé itan, wọ́n sì jókòó dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ní ìlú yìí, bí àwọn obìnrin bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ, oníbàárà kankan kò ní fò wọ́n kọjá. Mama Nkechi, tó ń ta ẹja ní etí omi, ló ṣáájú wọn. Èdè Igbo ni wọ́n ń sọ, Sìdíkàt sì gbọ́ ọ dáadáa.

"Nne, biko, ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, Dúró ló rán an," ni Sìdíkàt wí.

"Mi ò mọ Dúró. Ojú rẹ ni mo wò tí mo fi sanwó."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín rán òmíràn, owó díẹ̀ lẹ máa fi kún un."

"A ò ní fi kọ́bọ̀ kún un. A ò sì ní dìde."

Sìdíkàt sáré lọ bá Dúró.

"Ṣé mo ní kí ẹ gé e tán ni?"

"Bí ẹ ti gé tiyín la gé tiwa, Màdáámù. Ẹ ò kúkú wá wò ó."

Nígbà tó padà dé, ó bá Mojí láàárín àwọn obìnrin náà, ó ká ẹsẹ̀ jọ, ó jókòó.

"Mojí, ìwọ náà?"

"Èmi náà, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ lè lé mi kúrò nílé. Mi ò ní dìde."

5.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ilé-ìwé, wọ́n sì gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ Sìdíkàt. Kò rí aṣọ san padà fún àwọn ìyá, nítorí aṣọ tí a ti gé tí a ti tà kò ní padà wá. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Adéníjì tún dé, Sìdíkàt bẹ̀ ẹ́ pé kó má kọ ti àwọn obìnrin náà.

"Mi ò ní dárúkọ yín," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni mo máa kọ."

Mojí gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní àdúgbò Omagba, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kan síbẹ̀, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá kí àwọn jọ máa ṣe é.

"Kí n wá di ọmọṣẹ́ àbúrò mi?" ni Sìdíkàt wí.

Ó pinnu láti padà sí Ìsẹ́yìn. Lọ́jọ́ tó ń lọ, nínú gbogbo àwọn tó ń pè é ní kọngílá, kò sí ẹni tó bá a gbé ẹrù. Òun fúnra rẹ̀ ló ru àpótí rẹ̀ dé ibi ọkọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀. Ẹ lè gbé iṣẹ́ yín fún ẹlòmíràn ṣe; ẹ má gbé ojú yín fún un. Ẹni tó sanwó, orúkọ yín ló rà. Àwọn kan á ní ọgbọ́n òwò ni kí a bu nǹkan oníbàárà jẹ níbi tí kò ti lè rí i. Ẹ má gbà fún wọn. Olè ni, bó tilẹ̀ wọ aṣọ kọngílá. Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí ọ̀rọ̀ yìí, kó bínú.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.