Ẹ̀rọ Tó Mọ Ọ̀tá

Bàbá Lazare gbá ọrùn ẹ̀wù ẹnjiníà mú láàárín oko kajú rẹ̀ ní Lougba. Lẹ́yìn wọn, ọkọ ọmọ rẹ̀ ń nu ọ̀dà pupa kúrò lójú.

"Kí ló fi ẹ̀rọ yín tó ń fò kiri yìí ṣe tó fi da ọ̀dà lé e lórí látòkè?"

"Ó nà gbalaja sábẹ́ igi. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn agbébọn ṣe máa ń sá pamọ́."

"Èmi ló dọ̀bálẹ̀ kí! Ọmọ àìlẹ́kọ̀ọ́, ṣé wọn kì í kí àna níbi tí wọ́n bí ọ sí ni?"

"Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀! Iléeṣẹ́ ìwádìí àwọn ológun wa ló ṣe é, kì í ṣe òyìnbó. Ó mọ ilẹ̀ yìí dáadáa. Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ pé ọ̀dà ló ṣì ń jù. Lóṣù tó ń bọ̀, bọ́ǹbù ni."

Àwọn olóko yọ àdá. Ọ̀gá sójà tó bá ẹnjiníà wá fà sẹ́yìn.

"Bẹ̀ wọ́n kíá, kí wọ́n má pa wá síbí!"

Ẹnjiníà wo àdá, ó wo ojú Bàbá Lazare, ó sì dojú bolẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú."

Lókè orí igi kajú, ẹ̀rọ tí ẹnjiníà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yíjú padà, ó ń kùn bọ̀.