Ìgúnpá Chimène

Alùpùpù kan ń sáré bọ̀ nígbà tí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan fi gbogbo agbára fa ọwọ́ Chimène, ọmọ ọdún mẹ́ta, kúrò lójú títì ìlú Lougba. Nǹkan dún kẹ́ nínú ìgúnpá ọmọ náà. Ó figbe ta. Apá òsì rẹ̀ rọ̀ dẹ̀dẹ̀, kò lè gbé e.

Olùkọ́ rò pé òun ti ṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ lápá! Ìyá ọmọ náà sì ti ń sáré bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ìyá Chimène, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo fà á. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù!"

Ìyá náà kò bú u. Ó kúnlẹ̀, ó di ìgúnpá ọmọ mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó sì ká apá náà. Ó dún pọ́. Ẹkún dá.

"Kò ṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí eegun ìgúnpá rẹ̀ ń yẹ̀ rèé," ló wí, kò wojú olùkọ́. "Èmi ni mo kọ́kọ́ fà á yẹ̀, lọ́jọ́ tí mo fi ìbínú wọ́ ọ lọ wẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní ìlú Savalou ló kọ́ mi bí mo ṣe lè dá a padà. Ó ní kí n kìlọ̀ fún yín pé kí ẹ má fa ọwọ́ rẹ̀. Ojú ló ń tì mí tí n kò fi sọ fún yín."

Chimène na ọwọ́ méjèèjì sí olùkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ lọ́ra díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ sí i lábíyá, ó sì gbé e.