Tuda Tó Gbé Igbe Omi Mì

Tuda a máa di kùnrùngbùn. Bí o bá ṣẹ̀ ẹ́ nígbà tí a ń ká èso ọ̀pọ̀tọ́, yóò fi í sínú títí òjò dídì yóò fi bo orí òkè. Ìwà yìí ló ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Lábúlé wa, ohùn obìnrin níṣẹ́ púpọ̀. Òun la fi ń pe ewúrẹ́ wálé, òun la fi ń ké igbe ayọ̀ níbi ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n igbe omi ló ga ju gbogbo rẹ̀ lọ. Òjò lè máa rọ̀ lókè réré kí oòrùn máa ràn lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó wà nílé òkè pátápátá ló ń kọ́kọ́ rí àgbàrá tó ń bọ̀. Yóò ké, ilé kejì yóò gbà á, ilé kẹta yóò gbà á, títí yóò fi dé etí àwọn tó wà nínú odò. Tuda ló ni ilé òkè, àwa la ni ilé kejì.

Níbi ìgbéyàwó kan, Hadda, ọ̀kan nínú àwa obìnrin abúlé, ni wọ́n ní kó ṣáájú igbe ayọ̀, kì í ṣe Tuda. Ojú Tuda le.

“Hadda kẹ̀? Ohùn tó ń dún bí ewúrẹ́ tí egungun há lọ́fun!”

Hadda dá Tuda lóhùn, ó ní, “Ìyá Rabha, ewúrẹ́ náà ni wọ́n pè o. Jókòó, mu tíì ẹ.”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Tuda dìde. “Ó dáa. Kó máa bá yín ké omi náà.”

A rò pé àwàdà ni. Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ, ẹni tí a ò sọ ọ́ sí ló ń bà.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà, àwa obìnrin mẹ́jọ ń fọ irun àgùntàn nínú odò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Mo pọn ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́fà. Rabha, ọmọ Tuda, fi ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ ní kó máa dà sílẹ̀, ó yọ́ wá bá wa, torí Hadda ṣèlérí òwú pupa fún un. Mo wo orí òkè, ojú ọ̀run ibẹ̀ ṣú.

“Hadda, ṣé omi kọ́ ló ń bọ̀ yẹn?”

“Ìwọ yìí, òjìji ara ẹ gan-an ń bà ọ́ lẹ́rù! Bómi bá ń bọ̀, Tuda ò ní ké ni?”

Mo tẹ́tí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo fọ díẹ̀, mo tún tẹ́tí.

Tuda ti rí omi náà. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ níwájú àwọn àgbà. Ó ní òun la ẹnu, òun sì pa á dé. Òun kàn fẹ́ kí omi gbá irun àgùntàn Hadda lọ, kí òun rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí òun tó ké. Nígbà tó wá ké, ariwo omi ti bo ohùn rẹ̀. Ìyá ọkọ mi tó wà nílé kò gbọ́ ọ.

Ní tiwa nínú odò, ilẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi kí omi tó dé. Mi ò mọ bí mo ṣe gun bèbè. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Hadda di Rabha lápá mú, ó ń pariwo, “Dì mí mú! Dì mí mú!” Omi já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Hadda yè é, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta la tó rí òkú ọmọ náà.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Àwọn àgbà ò na Tuda, wọn ò lé e nílùú. Wọ́n gba igbe omi lọ́wọ́ ilé rẹ̀, wọ́n gbé e fún ìyá àgbà Yamna tó ń gbé ní òdìkejì òkè, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má gba igbe Tuda mọ́. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, á gun orí òrùlé, á máa ké, “Omi o! Ẹ jáde o! Rabha, jáde o!” títí ohùn rẹ̀ á fi há. Mo máa ń gbọ́ ọ ketekete. Màá gbé ọmọ mi mọ́ra, màá sì dákẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ ọ́, bá a jà lójúkojú, ṣùgbọ́n má ṣe fi iṣẹ́ tó ń dáàbò bo ẹ̀mí gbẹ̀san. Ní ọjọ́ tí o bá rí ewu, ké lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ ọ̀tá rẹ ló wà nínú odò, torí o ò mọ ọmọ ẹni tó dúró tì í. Àwa tí a sì fi ìbínú ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́, ká má rò pé ọwọ́ wa mọ́. À bá ti bẹ Tuda lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.