Ìbọn Tó Di Ṣọ́bìrì

"Ẹ rọra lù ú, ìyá," Arcesio ń rẹ́rìn-ín. "Irin ni, kì í ṣe ọ̀tá yín."

Ìyá alágbẹ̀dẹ náà tún lù ú gbà. Ìbọn ọdẹ tí Arcesio ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílẹ̀ ló ń fi òòlù lù, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì pagbo yí wọn ká. Bí àjọ àlàáfíà ṣe ń kọ́ wọn lórí òkè Kòlóńbíà yìí nìyẹn: ẹni tó bá mú ìbọn wá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi í pé níbo ló ti rí i. Wọ́n á fi rọ ṣọ́bìrì, olúwarẹ̀ á fi gbẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ á gbin igi síbẹ̀.

Kí ni alágbẹ̀dẹ yìí tún fẹ́ bi í? Ojú àpá tó wà lára irin yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló jó o pọ̀, lọ́sẹ̀ tí Evelio ọmọ rẹ̀ gbé ìbọn náà lọ sóko kọfí tí kò padà wálé mọ́. Ọdún mọ́kànlá rèé.

Nígbà tí irin náà di ṣọ́bìrì, ó tì í bọ omi, ó hó ṣìì. Ó ki igi ìdìmú bọ̀ ọ́.

"Níbo ni kí n gbẹ́, ìyá?" Arcesio bi í.

"Ibi tí o sin Evelio sí."

Ẹ̀rín kú mọ́ Arcesio lẹ́nu. Ojú rẹ̀ sáré lọ sí ìdí máńgòrò ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó sì yára gbé e kúrò.

"O ṣeun," ni alágbẹ̀dẹ wí.

Ó gbé ṣọ́bìrì lé èjìká, ó kọrí sídìí máńgòrò. Àwọn ọmọdé rò pé ẹ̀kọ́ ò tíì parí. Wọ́n gbé igi tí wọ́n fẹ́ gbìn, wọ́n tẹ̀lé e, wọ́n ń kọrin àlàáfíà.