Ẹ Kú Ìsinmi

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. "Ẹ kú ìsinmi, sà."

Bàbá tó wà lórí rẹ̀, hẹdimásítà kan tó ti fẹ̀yìn tì, lajú. Oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé e lọ ni. "O ṣé, ọmọ mi."

Láti ìgbà tí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà yìí, ní Mòwé, ti ṣòfin pé gbogbo bàbá àti ìyá gbọ́dọ̀ sun oorun ọ̀sán, kò sí ẹni tó tún rójú sùn níbẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì kò tíì jáde tán tí ẹni tó ń gbálẹ̀ fi wọlé, tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ: "Ẹ kú ìsinmi, bàbá." Alásè náà yọjú, ó kí i, ó sì bi í bóyá oorun náà ń dùn. Ẹ ò rí ilé ọmọlúàbí.

Nígbà tí mátírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ wá kúnlẹ̀, bàbá fìbínú dìde jókòó.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ẹni tó ń sùn là ń kí? Ṣé ẹ ò lè máa rọra kọjá ni?"

Mátírọ́ọ̀nù kò dìde. "Mo rọra kọjá rí, sà, nílé-ìwé yín ní Ifọ̀. Ẹ ń sùn lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹ jí, ẹ ránṣẹ́ pè mí, ẹ sì nà mí débi tí mi ò lè jókòó, pé mi ò kí àgbà."

Bàbá rọra dùbúlẹ̀ padà, ó fi ìrọ̀rí bo ojú.

Ìlẹ̀kùn tún ṣí. "Ẹ kú ìsinmi, sà."

"O ṣé," ni ìrọ̀rí dáhùn. "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ́."