Ewé Orí Tábìlì Dókítà

"Híìkì!" Dókítà di àyà mú. Oògùn ò ran òsúkè náà, abẹ́rẹ́ ò ràn án, bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ta ló máa fara ẹ̀ sílẹ̀ fún abẹ tó ń gbọ̀n?

"Ewé ló mọ iṣẹ́ yìí," ni màmá arúgbó tó wá gba oògùn orúnkún wí.

"Màmá, ẹ fi... híìkì!... ẹ fi ewé sílẹ̀ jàre."

"Ewé inú ìkòkò òdòdó orí tábìlì yín yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já jẹ. Orúnkún mi ti fúyẹ́."

Dókítà fò sókè. "Ẹ jẹ kí ni? Yéè! Rọ́bà ni, Màmá! Ẹ tu ú dànù!"

Màmá ti gbé e mì. Ó tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ewé yìí mà lágbára o! Èmi ni mo jẹ ẹ́, òsúkè yín ló pòórá."