Ẹni Tó Bá Sunkún

Àǹtí ti tilẹ̀kùn. Ọrùn ẹ̀ ló fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sí.

Ẹni tó mú mi wá láàárọ̀ dì mọ́ mi, ó ní òun ò ní pẹ́ dé. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ báyìí.

Mo fẹ́ dúró lójú fèrèsé. Àǹtí ní rárá, orí àga ni gbogbo wa ń jókòó sí.

Mo ní mo fẹ́ tọ̀. Ó ní agogo ò tíì dún.

Ẹni tó jókòó tì mí bú sẹ́kún. Ṣíbí jábọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ta ló ń ké níbẹ̀ yẹn? Ẹni tó bá sunkún, wọn ò ní wá mú un lọ sílé o!"

Mo fi eyín di ètè mú, àmọ́ omijé ò gbàṣẹ kó tó jábọ́.

Àǹtí rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó nu ojú mi.

"Tíṣà, ṣé ẹ ò dá mi mọ̀ ni? Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà tí mọ́mì mi fi mí sílẹ̀ ní kíláàsì yín. Mò ń ké. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí náà lẹ sọ fún mi. Mo dákẹ́ lọ́gán, ẹ sì ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi."

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó ń dúpẹ́ ni.

Mo gbé ẹkún mì.

Inú ẹ̀ dùn. Ó yíjú sí àwọn arúgbó yòókù. "Ó yá, ẹ pàtẹ́wọ́ fún Tíṣà!"

Gbogbo ọwọ́ tó ń gbọ̀n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mi ò lè sọ fún un pé mo ti tọ̀ sára.